Ibi Tí Ọrun Ti Ń Tẹ̀

Ta ni nínú wa tí kò tíì gbọ́ ìtàn Tìmì Àgbàlé, ọlọ́fà iná, tí wọ́n ní ó tẹ ìlú Ẹdẹ dó? Ẹni tí kò gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà yóò ti gbọ́ nípa eré Ọba Kò So tí Dúró Ládiípọ̀ gbé jáde ní 1963. Ṣùgbọ́n ẹ bi ènìyàn mẹ́wàá léèrè bí ọrun tí Tìmì fi ta ọfà náà ti rí, mo rò pé ojú ara wọn ni wọn yóò máa wò. Ọfà ni ó ń gba orúkọ, ọrun kì í gba nǹkan kan. Àní òwe tí a fi ń rántí ọrun, ẹ̀tẹ́ ni ó fi kàn án: ọsán já, ọrun dọ̀pá.

Mo ní ìdí tí mo fi ń gbèjà ọrun. Nínú ìpàdé kan tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ṣe, ẹnì kan dìde, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa kò ní ìmọ̀ nínú. Ó ní àṣà lásán ni, ọmọ ń ṣe bí baba ti ṣe, baba náà sì ti ṣe bí baba tirẹ̀. Lójú tirẹ̀, ọjọ́ tí a bá kọ nǹkan sínú ìwé, tí a sì fi òǹkà wọ̀n ọ́n, ni ó di ìmọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Mo fẹ́ dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò sí lẹ́nu mi. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ìdáhùn kiri, ibi tí mo sì ti rí i kì í ṣe ilé wa rárá. Inú ìtàn ọrun onígi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà ni mo ti rí i, nítorí níbẹ̀ ni a ti lè rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìwé gba iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ oníṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, mo gbẹ́ ọrun kan. Kì í ṣe ọrun imọ̀ ọ̀pẹ tí àwọn ọmọdé fi ń lé aláǹgbá. Igi gidi ni mo gé, mo sì fi ọ̀bẹ bàbá àgbà mi gbẹ́ ẹ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ọdẹ ni bàbá àgbà. Ìbọn ni ó ń gbé lọ sí igbó, ṣùgbọ́n ọrun baba tirẹ̀ ṣì wà lókè àjà, èéfín ti sọ ọ́ di dúdú. Mo fẹ́ kí tèmi dà bí i rẹ̀. Bí mo ti so ọsán mọ́ ọn tí mo fà á, gbàù! ó ṣẹ́ ní nǹkan bí ìka mẹ́rin sí ibi tí mo dì mú. Mo bú sẹ́kún. Bàbá àgbà ṣa igi náà nílẹ̀, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Mo ní, “Bàbá, igi yẹn ni kò dára.” Ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, igi kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Wo ibí yìí, o gbẹ́ ẹ jù. Ibi tí o gbẹ́ jù ni ó ń dá gbogbo iṣẹ́ ṣe, ìyókù ń wòran.”

Ọ̀rọ̀ yìí kò yé mi nígbà náà. Kí ó tó lè yé òǹkàwé, n ó ní láti ṣàlàyé díẹ̀ nípa ẹ̀yà ara ọrun.

Ọrun ní apá méjì, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, ìdìmú sì wà láàárín wọn. Ojú tí ọrun kọ sí ẹran ni n ó máa pè ní ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tí ó kọ sí tafàtafà ni ikùn. Nígbà tí a bá fa ọsán, ẹ̀yìn ń nà, ikùn ń fún pọ̀. Ọ̀pọ̀ igi ni ó lè fara da nínà ju fífúnpọ̀ lọ, nítorí náà ikùn ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ juwọ́ sílẹ̀. Nígbà mìíràn, ìlà tínrín-tínrín á yọ lójú ikùn bí ẹni pé èékánná ni a fi fà á. Nígbà mìíràn kò ní sí ìlà kankan, ṣùgbọ́n bí a bá tú ọsán, ọrun kò ní nà tán mọ́, yóò tẹ̀ kọdọrọ bí ẹ̀yìn arúgbó. Irú ọrun bẹ́ẹ̀ ṣì lè ta ọfà, ṣùgbọ́n ọ̀lẹ ti wọ̀ ọ́ lára.

Ìṣòro agbẹ́-ọrun (n kò fẹ́ pè é ní ọlọ́run, kí àwọn àlùfáà má baà bá mi wí) kì í ṣe bí igi yóò ti tẹ̀, nítorí kò sí igi tí a fà tó tí kò ní tẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni bí gbogbo ibi lára apá méjèèjì yóò ti gba ìpín tirẹ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yóò gbẹ́ ọrun náà dé ìwọ̀n kan, yóò gbé e ka orí ọ̀pá tí a gé eyín sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò fa ọsán wá sí eyín kìn-ín-ní, yóò sún sẹ́yìn, yóò wò ó. Ibi tí ó bá le jù ni yóò fá díẹ̀. Ibi tí ó bá ti tẹ̀ jù, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Ìyókù ni yóò máa fá títí wọn yóò fi bá a dọ́gba. Yóò tún gbé e ka orí ọ̀pá, yóò fà á dé eyín kejì. Iṣẹ́ yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní tillering. Èmi yóò pè é ní títẹ ọrun. A kì í kánjú ṣe é, nítorí igi tí a bá ti fá kúrò kò ṣeé lẹ̀ padà.

Òǹkà tí ó wà lábẹ́ iṣẹ́ yìí kò le, ṣùgbọ́n ó ń yani lẹ́nu. Bí a bá dín ìbú apá ọrun kù sí ìdajì, líle rẹ̀ yóò kù sí ìdajì. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìnípọn rẹ̀ ni a dín kù sí ìdajì, líle rẹ̀ yóò kù sí ìdá kan nínú 8. Ẹni tí ó bá fá ìdá kan péré nínú 10 kúrò nínú ìnípọn ibì kan ti gba ohun tí ó ju ìdá kan nínú 4 lọ nínú líle ibẹ̀. Ohun tí mo fi ọ̀bẹ kúkú ṣe sí igi mi nìyẹn. Nǹkan mìíràn tún wà. Apá tí ìnípọn rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà láti ìdìmú dé orí, tí ìbú rẹ̀ ń dín kù títí ó fi ṣe ṣóńṣó, yẹ kí ó tẹ̀ bí ẹ̀yà òbìrìkìtì. Èyí tí ìbú rẹ̀ dọ́gba, tí ó jẹ́ pé ìnípọn ni ó ń dín kù, yẹ kí ó máa tẹ̀ sí i bí ó ti ń súnmọ́ orí. Nítorí náà kò sí ìtẹ̀ kan ṣoṣo tí a lè pè ní ìtẹ̀ tí ó tọ́. Ìrísí apá ni ó ń pinnu rẹ̀, irú igi ni ó sì yẹ kí ó pinnu ìrísí apá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di gbólóhùn yìí mú, nítorí òun ni àwọn ọ̀mọ̀wé gbàgbé fún ìgbà pípẹ́.

Ìwé tí ó tún gbé ọ̀rọ̀ bàbá àgbà wá sí etí mi ni Toxophilus, tí Roger Ascham, olùkọ́ kan ní Cambridge, tẹ̀ jáde ní 1545. Òun ni ìwé àkọ́kọ́ tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ lórí ọfà títa. Ó gbé e fún Ọba Henry Kẹjọ, ọba sì fi pọ́n-ùn 10 lọ́dọọdún ta á lọ́rẹ. Ògbólógbòó ọ̀mọ̀wé ni Ascham. Lẹ́yìn náà ni ó kọ́ Elizabeth ọmọ ọba ní èdè Gíríìkì àti Látìnì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan ọ̀rọ̀ ọrun, kò ṣe bí ẹni pé ìwé tó. Ó ní kí ènìyàn fi ọrun tuntun ta ọfà fún ìgbà díẹ̀, kí ó sì gbé e padà lọ sọ́dọ̀ agbẹ́-ọrun, kí onítọ̀hún gé e kúrú díẹ̀, kí ó fá a títí yóò fi tẹ̀ yíká ní ibi gbogbo, kí ó sì jẹ́ kí orí rẹ̀ lè fì, ṣùgbọ́n kí ó fi ọgbọ́n ṣe é kí ó má baà ṣẹ́. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àfi bí ẹni pé bàbá àgbà ni ó jókòó sí Cambridge.

Ní ọdún 1545 yìí kan náà, ní ọjọ́ 19 oṣù Keje, ọkọ̀ ogun Henry tí ń jẹ́ Mary Rose rì sínú òkun nítòsí Portsmouth níbi tí ó ti ń bá àwọn ará Faransé jà. Ó wà nísàlẹ̀ omi fún ọdún 437. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá 1982 ni wọ́n gbé ara rẹ̀ tí ó kù jáde, wọ́n sì bá ohun tí kò sí lórí ilẹ̀ ayé mọ́ nínú rẹ̀: ọrun ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà lódindi, ó ju 130 lọ, pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọfà. Gígùn wọn tó nǹkan bí mítà 2. Igi yew ni wọ́n fi gbẹ́ wọn, igi kan tí ó dà bí ẹni pé ó ti pín iṣẹ́ fún ara rẹ̀ kí ọmọ ènìyàn tó fọwọ́ kàn án: apá funfun tí ó wà lábẹ́ èèpo rẹ̀ ń nà dáadáa, àárín rẹ̀ tí ó pọ́n sì ń fara da fífúnpọ̀. Agbẹ́-ọrun á fi funfun ṣe ẹ̀yìn, á fi pípọ́n ṣe ikùn. Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn igi yìí débi pé òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1472 fi dandan lé e pé kí ọkọ̀ oníṣòwò tí ó bá ti àwọn ìlú kan lókè òkun wá máa gbé ọ̀pá igi ọrun 4 wá pẹ̀lú tọ́ọ̀nù ẹrù kọ̀ọ̀kan.

Nítorí pé ikùn igi yew lágbára tó bẹ́ẹ̀, a lè gbẹ́ ẹ kí ó yọ, kí ó rí róbótó, kí apá ọrun sì nípọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìbú rẹ̀. Ó yẹ kí a mọ̀ pé ewu wà nínú irú ikùn bẹ́ẹ̀. Góńgó ibi tí ó yọ jù ni ẹrù fífúnpọ̀ ń dà lé lórí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì kò sì ṣe tó bẹ́ẹ̀. Igi yew lè rù ú. Igi mìíràn kò lè rù ú.

Agbára tí àwọn ọrun náà ń gbà kò kéré. Igi tí omi ti jẹ fún ọdún 437 kò lè sọ ọ́ fún wa mọ́ bí a bá fà á, nítorí náà ìrísí apá wọn ni àwọn onímọ̀ kà. Robert Hardy, òṣèré tí ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ nípa ọrun, wà nínú wọn, àti Kooi, onímọ̀ ìṣirò ará Netherlands. Wọ́n wọn ìnípọn àti ìbú, wọ́n ṣírò, àwọn agbẹ́-ọrun sì gbẹ́ irú wọn. Èsì tí wọ́n rí ni pé púpọ̀ nínú wọn yóò fẹ́ láti nǹkan bí kílò 45 títí dé nǹkan bí 80 kí a tó fà wọ́n dé etí. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ kílò 50. Ẹ fojú inú wo ọkùnrin tí ń fi ìka mẹ́ta gbé e lẹ́ẹ̀mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan! Síbẹ̀, ohun tí ó wú mi lórí jù kì í ṣe èyí, bí kò ṣe pé àwọn ọrun náà ń tẹ̀ láti orí kan dé èkejì, títí kan ìdìmú. Ohun tí Ascham kọ sílẹ̀ ní 1545 ni ó wà nínú ọkọ̀ tí ó rì ní 1545.

Èyí yàtọ̀ sí ohun tí a ti ń kà tẹ́lẹ̀. Láti 1595, nígbà tí ìjọba ní òun kò gba ọrun mọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun ìjà àwọn ọmọ ogun abẹ́lé, ọrun di eré àwọn ọlọ́lá. Wọ́n dá ẹgbẹ́ tafàtafà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1781. Horace Ford, tí ó gba ipò kìn-ín-ní lọ́dọọdún láti 1849 títí dé 1859, kọ ìwé rẹ̀ ní 1856. Ọrun àwọn ènìyàn yìí fúyẹ́ láti fà, ìdìmú rẹ̀ le gan-in, kò ń tẹ̀, kí ó má baà ta ọwọ́ nígbà tí ọfà bá lọ. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí fún ẹni tí ń ta ọfà sí àmì nínú ọgbà lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ohun tí ó burú ni pé wọ́n gbà pé ọrun ogun Agincourt ti 1415 gan-an ni wọ́n dì mú, wọ́n sì sọ ikùn yíyọ tí ó bá igi yew mu di òfin fún gbogbo igi. Ní tèmi, ibí ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ó sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé wa ti dorí kodò. Ọmọ ń ṣe bí baba ti ṣe láìbéèrè ìdí, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ní ìwé lọ́wọ́ ni ó ń ṣe é.

Ó tún ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kẹjọ 1911, ọkùnrin kan jáde láti inú igbó sí ẹ̀bá Oroville ní California, òun nìkan ni ó kù nínú ẹ̀yà Yahi lẹ́yìn tí àwọn aláwọ̀ funfun ti pa ìyókù run. Kò dárúkọ ara rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni títí ó fi kú ní 1916. Wọ́n ń pè é ní Ishi, èyí tí í ṣe “ènìyàn” ní èdè rẹ̀. Ó ń gbé inú ilé ohun àtijọ́ ti Yunifásítì California ní San Francisco, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Saxton Pope sì di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ishi ni ó kọ́ Pope ní ọfà títa. Ọrun Ishi kúrú, ó gbòòrò, ó pẹlẹbẹ, ó sì fi iṣan ẹran lẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Pope kọ nípa rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń lọ sí ìgbẹ́ ọdẹ, ọrun yew gígùn bíi ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbé dání. N kò bá a wí pátápátá, nítorí ọrun tirẹ̀ le ju ti Ishi lọ láti fà, ó sì ń gbé ọfà jìnnà jù ú lọ. Síbẹ̀, lílágbára láti fà yàtọ̀ sí ìrísí tí ó dára, kò sì ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀.

Àwọn tí ó wá yà wọ́n sọ́tọ̀ ni Clarence Hickman, onímọ̀ físíìsì, pẹ̀lú Paul Klopsteg àti Forrest Nagler tí í ṣe ẹnjiníà. Láti 1929 lọ ni Hickman ti ń tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ó ṣe ẹ̀rọ tí ń wọn ìyára ọfà, ó sì fi ìṣirò bi ọrun léèrè ohun tí kò sí ẹni tí ó bi í tẹ́lẹ̀: nínú agbára tí tafàtafà fi fa ọsán, èló ni ó dé ara ọfà? Bí ọfà ti ń lọ ni apá ọrun náà ń fò pẹ̀lú rẹ̀, títí ọsán yóò fi dá a dúró; agbára tí ó bá ṣẹ́kù sínú apá nígbà náà ti ṣòfò, ọwọ́ tafàtafà ni yóò sì gbọ̀n. Orí apá ni ó ń sáré jù. Nítorí náà ìwọ̀n díẹ̀ tí a bá yọ kúrò ní orí wúlò ju ìwọ̀n púpọ̀ tí a yọ nítòsí ìdìmú lọ. Wọ́n tún rí i pé apá tí ó pẹlẹbẹ, tí ikùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ń pín ẹrù fífúnpọ̀ kárí, tó bẹ́ẹ̀ tí igi kan náà fi lè ṣe iṣẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Ikùn yíyọ tí ó ti di òfin wó lulẹ̀. Ní 1947 ni wọ́n kó àròkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sínú ìwé kan, ọrun pẹlẹbẹ sì gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, orí igi hickory àti irú igi bẹ́ẹ̀ tí kò fẹ́ràn ikùn yíyọ.

Kí ìwé náà tó jáde ni ilẹ̀ ti dáhùn. Ní 1944, nínú irà Holmegaard ní erékùṣù Sjælland ní Dẹ́nmáàkì, a hú ọrun méjì tí a fi igi elm gbẹ́, ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, èkejì kù ní ìlàjì. Àwọn tí ó gbẹ́ wọn wà láyé ní nǹkan bí ọdún 9,000 sẹ́yìn. Kò sí irin nígbà náà. Òkúta ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ìdìmú rẹ̀ tínrín, ó sì nípọn, kò ń tẹ̀. Apá rẹ̀ méjèèjì gbòòrò, wọ́n pẹlẹbẹ, wọ́n sì ń dín kù lọ títí dé orí tí ó ṣe ṣóńṣó. Igi elm kò ní ikùn bíi ti yew, ẹni tí ó gbẹ́ ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí kò fún un ní ìrísí tí ó bá yew mu. Ohun tí ẹ̀rọ Hickman sọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún ogún ni ọkùnrin yìí ti fi òkúta sọ.

N kò sọ pé òǹkà kò wúlò. Agbẹ́-ọrun mọ̀ pé orí fífúyẹ́ dára, ṣùgbọ́n kò lè sọ èló ni ó jèrè, kò sì lè bá ẹni tí kò tíì di ọ̀bẹ mú sọ ọ́. Òǹkà ni ó jẹ́ kí n lè kọ ohun tí mo kọ lókè yìí nípa ìdá kan nínú 10. Ohun tí mo kọ̀ ni pé kí a sọ pé ọjọ́ tí òǹkà dé ni ìmọ̀ dé. Ojú tí ó sún sẹ́yìn, tí ó wo ìtẹ̀ ọrun lórí ọ̀pá, tí ó sọ pé “níbí yìí, díẹ̀ sí i,” ojú náà ń wọn nǹkan.

Lára púpọ̀ nínú àwọn ọrun Mary Rose, àmì kékeré wà tí a fi irin ṣóńṣó lù, lókè ìdìmú díẹ̀. Wọ́n gbà pé àmì àwọn agbẹ́-ọrun ni. Apá òkè ni ó wà, ìyẹn sì ní ìtumọ̀, nítorí pé ìsàlẹ̀ ibi tí ọfà ń gbà kọjá ni ọwọ́ ń di ọrun mú, iṣẹ́ apá méjèèjì kò sì dọ́gba tán. Ọ̀pọ̀ agbẹ́-ọrun a máa jẹ́ kí ti ìsàlẹ̀ le ju ti òkè lọ díẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé ọrun náà sódì ti ba iṣẹ́ ìtẹ̀ jẹ́. Àwọn ọrun náà wà nínú gíláàsì ní ilé ohun àtijọ́ tí a ṣí fún ọkọ̀ náà ní Portsmouth ní 2013, wọn kò dán, a kò fi nǹkan kùn wọ́n, ẹni tí ó bá sì tẹjú mọ́ ikùn wọn dáadáa yóò rí ibi tí irin agbẹ́-ọrun ti kọjá, àti ibi tí ó ti dúró.